Ara mi le koko, kí ni wọ́n fẹ́ fi mí ṣe?

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Òmù-Àrán ni mo ti ń kọ̀wé, ẹ̀lùbọ́ ni mo ń tà, ọmọ ọdún 43 ni mí. Àwọn olùwádìí kan wá sí ìpàdé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, wọ́n ní ìwádìí lórí àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ ni àwọn ń ṣe. Mo tẹ̀ka sí ìwé wọn. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà ló pín wa sí méjì. Wọ́n fún ọ̀rẹ́ mi ní òwú orí igi kan pé kó fi yẹ ara rẹ̀ wò nílé; èmi, ìwé ni wọ́n fún pé kí n lọ ṣe àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ ní ọsibítù. N kò tíì lọ. Ara mi le koko, kí ni wọ́n fẹ́ fi mí ṣe? Kí ló dé tí wọn kò fún èmi náà ní tèmi sílé? Baálé mi ní bí wọ́n bá lọ rí nǹkan, wàhálà ni. Mo ti tẹ̀ka ná, ṣé mo ṣì lè yí ọkàn padà? Ìyá Ìbejì.

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú ọjà, ẹ kú ìtọ́jú àwọn èjìrẹ́. Pé ara yín le koko, òun gan-an ló jẹ́ kí wọ́n wá yín wá. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ bá ń yọ lára rẹ̀ lẹ́yìn tí ọkọ bá sùn tì í, tàbí tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró tipẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ tún wá yọjú, tirẹ̀ ti kọjá irú àyẹ̀wò yìí. Ọ̀dọ̀ dókítà ni kó gbà lọ lónìí, kó má dúró de olùwádìí kankan. Ẹni tí kò rí nǹkan kan, tí nǹkan kan kò sì dùn ún, òun ni àyẹ̀wò yìí wà fún.

Kòkòrò àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní HPV. Òun ló wà nídìí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ. Oríṣi méjì péré nínú rẹ̀, 16 àti 18, ló ń fa bíi ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìbálòpọ̀ ni èèyàn fi ń kó o, ó sì wọ́pọ̀ débi pé ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ti mọ ọkùnrin rí ló ti gba ara wọn kọjá nígbà kan láìjẹ́ pé wọ́n mọ̀. Ara máa ń lé e lọ fúnra rẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà kí ọdún méjì tó pé. Lára àwọn díẹ̀ tí kò bá ti lọ, á máa yí ojú ẹnu ilé-ọmọ padà díẹ̀díẹ̀, ó sì lè gbà tó ọdún 15 sí 20 kó tó di jẹjẹrẹ. Bí ara kò bá lágbára láti jà, bíi ti ẹni tó ní HIV tí kò lo oògùn, ọdún 5 sí 10 ti tó. Ní gbogbo àsìkò yẹn, kò ní ta yín, kò ní yún yín, ẹ ó máa wọn ẹ̀lùbọ́ yín, ẹ ó máa tà á. Àsìkò yẹn kan náà ni ìtọ́jú rẹ̀ rọrùn jù: wọ́n á fi irin gbígbóná kékeré kan jó ojú ibi tó ti yí padà, kò ní gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ẹ ó sì padà sílé lọ́jọ́ náà. Ìgbà tí yóò bá fi máa dun èèyàn, ọ̀rọ̀ ti di ti iṣẹ́ abẹ, ìtọ́jú onítànṣán, àti owó tí èèyàn lè tà ilẹ̀ tán kó má tó.

Pé àyẹ̀wò náà ń gba ẹ̀mí là, kò sí iyàn nínú ìyẹn mọ́. Ní agbègbè Osmanabad lórílẹ̀-èdè Íńdíà, wọ́n kó obìnrin 131,746 jọ láti àwọn abúlé, àwọn tó wà láàárín ọdún 30 sí 59, wọ́n pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́rin. Wọ́n yẹ ọ̀wọ́ kan wò fún HPV, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀wọ́ mìíràn kò rí ju ohun tó wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n tẹ̀ lé wọn fún ọdún mẹ́jọ. Nínú 34,126 tó wà ní ọ̀wọ́ HPV, jẹjẹrẹ yìí pa 34; nínú 31,488 tí wọ́n fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ó pa 64. Ọdún 2009 ni èsì náà jáde. Àwọn kan bínú sí ìwádìí yẹn lẹ́yìn náà, inú tèmi náà kò sì dùn sí apá yẹn: àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ láti kà wọ́n, ṣé kò yẹ kí wọ́n yẹ àwọn náà wò ni? Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ohun tí mo kọ́kọ́ wá nínú lẹ́tà yín ni ohun tí wọ́n ń fún ọ̀wọ́ kejì. Ẹ ní àwọn ti ọsibítù náà máa ṣe àyẹ̀wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ọ̀nà tí ẹ ó gbà débẹ̀ nìkan ló yàtọ̀ sí ti ọ̀rẹ́ yín. Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn.

Kí ló dé tí ọ̀rẹ́ yín fi gba tirẹ̀ sílé? Ẹ jẹ́ ká ní àwọn olùwádìí gbé òwú náà sórí tábìlì ní ìpàdé yín, kí wọ́n ní kí ẹni tó bá wù wá mú. Ta ni yóò kọ́kọ́ dìde? Tíṣà ni, àti nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, àti ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń pè é lórí fóònù láti Ìlọrin pé, "Màámi, ẹ lọ yẹ ara yín wò o." Àwọn yìí, bí ẹnikẹ́ni kò bá tilẹ̀ fún wọn ní nǹkan kan, wọ́n á dé ọsibítù kí ọdún tó parí. Ẹni tó lọ kó ẹ̀lùbọ́ lóko kò tilẹ̀ sí níjokòó. Bí a bá wá ka iye àwọn tó ṣe àyẹ̀wò lẹ́yìn oṣù mélòó kan, a ó máa yin òwú fún iṣẹ́ tí òwú kò ṣe. Torí náà ni wọ́n ṣe jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣẹ́ gègé, kó lè jẹ́ pé irú èèyàn kan náà ló wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì. Wọn kò wo ojú yín kí wọ́n tó fi yín sí ibi tí wọ́n fi yín sí.

Èyí tó ṣẹlẹ̀ nítòsí wa jẹ́ kí ìdí tí ọ̀wọ́ kejì fi gbọ́dọ̀ wà yé mi ju ti Íńdíà lọ. Ẹ̀ ń gba Àjàṣẹ́-Ìpo kọjá nígbàkígbà tí ẹ bá ń bọ̀ ní Ìlọrin. Lọ́dún 2009, àwọn olùwádìí kan, tí àwọn ti Yunifásítì Ìlọrin wà lára wọn, wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn ará Àjàṣẹ́ àti ti àwọn ará agbègbè Afọ̀n. Wọ́n sì padà lọ wọ̀n wọ́n lọ́dún 2011. Apá Afọ̀n ní ètò adójútòfò ìlera olówó pọ́ọ́kú, wọ́n sì ti tún ilé ìwòsàn ibẹ̀ ṣe. Ètò náà kò sí ní Àjàṣẹ́. Wọn kò ṣẹ́ gègé níbẹ̀, ibi tí kálukú ń gbé ló pín wọn. Lára àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru, nọ́ńbà òkè, èyí tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ pè nínú méjì tí ẹ̀rọ ń kà, ti wálẹ̀ ní nǹkan bíi 10 ní apá Afọ̀n nígbà tí wọ́n padà dé. Ká ní Afọ̀n nìkan ni wọ́n lọ, ariwo ni wọn ì bá pa pé adójútòfò ti mú 10 wálẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà náà ti wálẹ̀ ní Àjàṣẹ́ pẹ̀lú, ní bíi 5, níbi tí kò sí ètò.

Ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ ga gan-an lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n sábà máa ń wálẹ̀ díẹ̀ tí a bá tún un wọ̀n. Ó lè jẹ́ pé ó ti fẹsẹ̀ rìn wá lọ́jọ́ yẹn, tàbí pé kò sùn dáadáa, tàbí pé aṣọ funfun ń bà á lẹ́rù. Àwọn mìíràn, gbígbọ́ tí wọ́n gbọ́ pé ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru ti tó láti gbé wọn dé ṣọ́ọ̀bù oògùn. Nítorí náà, èyí tó jẹ́ ti ètò náà gan-an ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìlú méjèèjì, bíi 5. Kò kéré rárá: bí nọ́ńbà òkè gbogbo ìlú bá wálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ ń mú á dín kù. Ọdún 2014 ni wọ́n gbé èsì náà jáde, àwọn ará Àjàṣẹ́ tí wọ́n na apá fún ìwọ̀n láìgba káàdì adójútòfò kankan ló sì jẹ́ kó ṣe é gbàgbọ́.

Ìwádìí tiyín kò wá mọ̀ bóyá àyẹ̀wò dára. Ohun tó ń wá ni bí obìnrin tí ara rẹ̀ le ṣe lè gbà láti ṣe é. Ní ìpínlẹ̀ Jujuy ní àríwá Argentina, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera tó ń lọ láti ojúlé dé ojúlé gbé irú òwú yìí lọ bá àwọn obìnrin kan nílé. Wọ́n ní kí àwọn yòókù lọ sí ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ti ilé ló ti ṣe àyẹ̀wò. Nínú àwọn tí wọ́n rán lọ sí ilé ìwòsàn, ìdá 20 péré ni. Ọdún 2015 ni èsì yẹn jáde, ó sì wú gbogbo àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí lórí. Àmọ́ Argentina kì í ṣe Òmù-Àrán. Níbẹ̀, àwọn ará ilé ti mọ òṣìṣẹ́ tó ń bẹ̀ wọ́n wò lójú. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, bí àjèjì bá kan ilẹ̀kùn tó ní òun gbé òwú wá fún ojú ara ìyàwó ilé, ajá ni wọ́n á tú sí i. Àfi kí a dán an wò nílé ká tó mọ̀.

Ó túmọ̀ sí pé lílọ yín àti àìlọ yín, èsì ni méjèèjì. Bí ẹ bá jókòó sílé, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìwé lásán kò tó láti gbé ìyá ẹlẹ́lùbọ́ kúrò lọ́jà dé ọsibítù, ó sì wúlò kí ìjọba mọ bẹ́ẹ̀. Olùwádìí tó bá tìtorí ẹ̀ fajú ro sí yín kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Èmi fẹ́ kí ẹ lọ, ṣùgbọ́n nítorí ara yín ni, kì í ṣe nítorí kí iye wọn lè pé.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má bá ọ̀rẹ́ yín pín òwú. Mo mọ̀ pé ó ti lè sọ ọ́. Ti ẹnì kan ṣoṣo ni, nọ́ńbà ọ̀rẹ́ yín ló sì wà lára ìgò rẹ̀. Bí omi ara yín bá wọ inú ìgò yẹn, èsì yín á jáde lórúkọ rẹ̀, ẹni tó yẹ kó gba ìtọ́jú kò ní gbà á, ẹni tí kò nílò rẹ̀ ni wọ́n á máa pè. Ẹ bá mi sọ fún un pé lílò rẹ̀ kò le. Kó fọ ọwọ́, kó gbé ẹsẹ̀ kan lé àpótí tàbí kó lóṣòó, kó rọra ti orí òwú náà sínú ojú ara títí tí kò fi ní lọ mọ́, kó máa yí i po títí yóò fi ka ení, èjì dé ogún, kó wá tì í sínú ìgò, kó dé e pa. Kò gbọ́dọ̀ ṣe é nígbà tó bá ń rí nǹkan oṣù. Bó bá jẹ́ pé àwẹ̀ ló bá a tí ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, kó dúró dìgbà tí wọ́n bá túnu. Àìsàn tó ń rìn fún ogún ọdún kò ní sáré lóṣù kan.

Tiyín ní ọsibítù kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀, n kò ní parọ́ fún yín. Ẹ ó dùbúlẹ̀, ẹ ó ya ẹsẹ̀, nọ́ọ̀sì á fi ohun èlò kan tó rí bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ la ojú ara kó lè rí inú, á wá fi òwú gba omi ara. Ní àwọn ibòmíràn, ọtí kíkan ni wọ́n máa ń fi nu ẹnu ilé-ọmọ, ibi tó bá ti yí padà á sì funfun lójú ẹsẹ̀. Ó ń tini lójú, ó sì ń nini lára díẹ̀, kò sì ń pẹ́. Bó bá jẹ́ obìnrin lẹ fẹ́ kó ṣe é fún yín, ẹ sọ ọ́ láti ẹnu ọ̀nà. Ẹ má jẹ́ kó di ìgbà tí ẹ ti dùbúlẹ̀ tán.

Ti baálé yín ló jọ mí lójú jù. Ẹ jẹ́ kí òun náà ka ibí yìí. Bí wọ́n bá ní HPV wà lára obìnrin, wọn kò sọ pé ó ní jẹjẹrẹ. Wọn kò sì sọ pé ẹnì kan nínú ilé ń ṣe ìṣekúṣe. Kòkòrò yìí lè ti wọ ara láti ìgbà tí tọkọtaya kò tíì mọ ara wọn rí, kó fara pamọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó yọjú, kò sì sí àyẹ̀wò kankan láyé tó lè sọ ọjọ́ tó wọlé tàbí ẹni tó gbé e wá. Nínú ilé olórogún pàápàá, èyí tí wọ́n bá kọ́kọ́ rí i lára rẹ̀ kì í ṣe ẹni tó gbé e wọlé. Òun ni ẹni tó kọ́kọ́ lọ ṣe àyẹ̀wò. Ẹ̀yin nìkan ni wọ́n gbọ́dọ̀ fún ní èsì yín, kì í ṣe ìyálọ́jà, kì í ṣe alága ẹgbẹ́. Bó bá wù yín kí baálé yín bá yín lọ gbọ́ ọ, ó dára. Èmi máa ń fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ọkọ tó bá fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì kò ní lọ gbọ́ àdàlù rẹ̀ níta.

Ohun kan wà tí ẹ kò bi mí, òun sì ni èmi ì bá kọ́kọ́ bi wọ́n ká ní èmi ni ẹ̀yin: bí ẹ bá rí nǹkan lára mi, ta ni yóò tọ́jú mi, níbo, owó ta sì ni? Lọ́dún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ète kalẹ̀ pé kó tó di 2030, kí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọbìnrin ti gba abẹ́rẹ́ HPV kí wọ́n tó pé ọdún 15, kí ìdá 70 àwọn obìnrin ti ṣe àyẹ̀wò tó péye nígbà tí wọ́n bá fi pé ọdún 35, kí wọ́n tún un ṣe ní 45, kí ìdá 90 àwọn tí wọ́n bá sì rí nǹkan lára wọn ti gba ìtọ́jú. Ẹnu máa ń dá ṣáká lórí méjì àkọ́kọ́. Ẹ̀kẹta ló ń gba owó, òun ni ọ̀pọ̀ ètò máa ń gbójú fò. Ẹni tó yẹ̀ yín wò tí kò lè tọ́jú yín, ẹ̀rù ló gbé lé yín lórí lọ sílé. Ẹ má gba "a ó fi tó yín létí" lẹ́nu wọn. Ẹ gba orúkọ ilé ìwòsàn náà, orúkọ ẹni tí ẹ ó bá níbẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀. Bó bá jẹ́ UITH, ọsibítù ńlá ti Yunifásítì Ìlọrin, ni, ta ló ń san owó mọ́tò àlọ àtàbọ̀? Bó bá di pé kí ẹ tún padà lọ ńkọ́? Bí wọ́n bá ń jáni lẹ́nu lórí èyí, ẹ dá ìwé wọn padà fún wọn, kí ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò náà fúnra yín níbi tí ìtọ́jú wà.

N kò sọ pé kí ẹ máa sáré tẹ̀ lé gbogbo àyẹ̀wò o. Ní Gúúsù Kòríà, lẹ́yìn tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ètò àyẹ̀wò jẹjẹrẹ lọ́dún 1999, àwọn ọsibítù ń fi àyẹ̀wò ọrùn kún un ní owó pọ́ọ́kú fún àwọn oníbàárà. Nígbà tó fi máa di 2011, iye àwọn tí wọ́n ní wọ́n ní jẹjẹrẹ táíróìdì, ẹ̀yà ara kékeré kan tó wà ní ọrùn, ti di ìlọ́po 15 ti ọdún 1993. Iye àwọn tí àìsàn náà ń pa kò sì yí padà. Ọ̀pọ̀ lára àwọn tí wọ́n la ọ̀fun wọn, ohun tí wọ́n bá níbẹ̀ kì bá tí yọ wọ́n lẹ́nu títí ayé. Àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ kiri gáréèjì, tí wọ́n ní kí ẹ di irin kan mú kí ẹ̀rọ lè ka gbogbo àìsàn tó wà lára yín, n kò tilẹ̀ kà wọ́n mọ́ ọ. Ẹni tó bá yẹ̀ yín wò tán tó wá ń tú báàgì, tó ń kó ike oògùn jáde, ọjà ló ń tà.

Títẹ̀ka yín kò dè yín mọ́lẹ̀. Ìlànà ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí ìlera ti wà ní Nàìjíríà láti 2007, Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 sì sọ ọ́ di òfin pé ẹni tí wọ́n fẹ́ ṣe ìwádìí lára rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, kó sì fọwọ́ sí i. Ẹ lè jáwọ́ lọ́la láìsọ ìdí, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ tìtorí rẹ̀ du yín ní ìtọ́jú. Ohun tí wọn kò lè ṣe ni kí wọ́n yọ yín kúrò nínú ìṣirò tí wọ́n ti ṣe tán. Ẹ̀dà ìwé tí ẹ tẹ̀ka sí yẹ kó wà lọ́wọ́ yín. Bí kò bá sí, ẹ béèrè. Ẹ wo ara rẹ̀ fún orúkọ ìgbìmọ̀ tó fún wọn láṣẹ, nọ́ńbà àṣẹ náà, ọjọ́ tí àṣẹ náà yóò parí, àti fóònù ìgbìmọ̀ náà. Ẹ pe fóònù ìgbìmọ̀, kì í ṣe ti olùwádìí. Bí wọ́n bá kọ ọ́ ní òyìnbó, kí wọ́n kà á fún yín ní Yorùbá lójú ẹlẹ́rìí tí kì í ṣe ara wọn, kí wọ́n sì sọ ibi tí omi ara yín ń lọ àti ìgbà tí wọ́n máa dà á nù.

Àwọn tó ń bẹ̀rù ìwádìí nílẹ̀ yìí, kì í ṣe àìmọ̀kan ló ń dà wọ́n láàmú. Lọ́dún 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń jà ní Kano, ilé-iṣẹ́ Pfizer dán oògùn Trovan wò lára àwọn ọmọdé. Àwọn òbí kan gbé e lọ sílé ẹjọ́ pé àwọn kò mọ̀ pé ìwádìí ni. Ó sì di 2009 kí ilé-iṣẹ́ náà àti ìjọba ìpínlẹ̀ Kano tó parí rẹ̀ pẹ̀lú àdéhùn mílíọ̀nù 75 dọ́là. Gbogbo ìbéèrè tí mo kọ́ yín yìí, ìrírí bíi tiwọn ló bí i.

Ẹ kò sọ bóyá obìnrin ni àwọn ìbejì, ẹ kò sì sọ ọjọ́ orí wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ obìnrin, tí wọ́n sì wà láàárín ọdún 9 sí 14, abẹ́rẹ́ HPV wà fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́. Oṣù Kẹwàá ọdún 2023 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní àwọn ìpínlẹ̀ kan, ó sì kan Kwara ní ìpele kejì lọ́dún 2024. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ń gún un. Ìyẹn kì í ṣe ìwádìí, kò sí gègé níbẹ̀. Ẹ mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn alábọ́dé tó wà ládùúgbò yín, kí ẹ sì mú káàdì àjẹsára wọn dání.